Bíríkì Ọba Tó Wà Lẹ́yìn Ààrò Wa

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, òun ni mo fi lè jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹni tó bá dárúkọ bíríkì létí mi, ìjà ló ń wá. Mo bá ọkùnrin tó ń ta búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi jà láìṣẹ̀ láìrò. Ó kí mi káàárọ̀ ni, mo ní kí ló ń wò. Mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, lẹ́yìn àdúgbò Adébáyọ̀, iṣẹ́ tíṣà ni mo sì ń ṣe. Màámi ń gbé ní ìlú wa, tí kò jìnnà sí Ìgèdè-Èkìtì, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́. Bàbá mi ti kú, màámi nìkan ló kù nínú ilé náà, òun àti ewúrẹ́ méjì tí kì í gbọ́ràn. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn ilé, alámọ̀ ni, àwọn àgbà ló kọ́ ọ. Lẹ́yìn ààrò, níbi tí iná ti máa ń ta sí ògiri, wọ́n to bíríkì pupa síbẹ̀, bíríkì tí wọ́n fi amọ̀ yọ tí wọ́n sì sun. Wọ́n gbé wọn nàró ni. Ojú pẹrẹsẹ wọn ló kọ sí ẹni tó ń dáná, ẹ̀yìn wọn sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n á tó ogójì. Lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni adé wà, adé ọba gan-an, tí ẹyẹ kan bà lé ṣóńṣó rẹ̀.

Àmì ọba ìlú wa ni adé ẹlẹ́yẹ yẹn. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó wà lára agboòrùn ọba, ó wà lórí ìwé tí ààfin fi ń ránṣẹ́ sí ènìyàn. Ọba kan tó jẹ nígbà ayé bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ fi bíríkì kọ́ ààfin lágbègbè wa. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ igi, kí wọ́n máa tẹ adé sójú bíríkì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ṣì tutù, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i kó lọ kọ́ ilé ara rẹ̀. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó ń yọ bíríkì náà. Èyí kò ní àríyànjiyàn, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n.

Bí bíríkì ọba ṣe dé ẹ̀yìn ààrò wa ni bàbá mi máa ń ròyìn fún gbogbo àlejò. Ó ní ọba fẹ́ràn bàbá òun débi pé ó fi bíríkì ta á lọ́rẹ. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá mọ̀ wá nílé, tí wọ́n wọ aṣọ funfun gbòò, bàbá mi kó gbogbo wọn wọ ilé ìdáná lọ wo adé. Èéfín ba agbádá bàbá ọkọ mi jẹ́. Títí di òní, ọkọ mi ò jẹ́ kí n gbàgbé.

Mo jọ bàbá mi níbi fáàrí ṣíṣe, mi ò ní purọ́. Lọ́dún yìí, mo lọ sílé fún ọdún Àjíǹde, mo sì rí i pé èéfín ti bo àwọn adé náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo po ọṣẹ dúdú, mo fọ ọ̀kan títí ó fi pọ́n bí ọjọ́ tó jáde nínú iná. Ó wú mi lórí. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn ọmọ ìlú wa, níbi tí gbogbo wa wà, tilé toko. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá wo bíríkì ọba nílé bàbá wa, kì í ṣe gbogbo ilé ni ọba ń fún nírú rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ká ní mo dákẹ́ ni, ọdún Àjíǹde ì bá lọ wẹ́rẹ́.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ kí mi kú oríire. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé Àbújá béèrè bí àmì ọba ṣe dé ilé ìdáná ènìyàn lásán. Mo ní ẹ̀bùn ni. Ó ní ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọba ń fúnni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Wọ́n ń tún ààfin ṣe lọ́wọ́ lásìkò yẹn, ìgbìmọ̀ kan sì ti ń wá àwọn bíríkì àtijọ́ káàkiri, torí nígbà tí apá kan ààfin wó láyé ọjọ́un, wọ́n fura pé àwọn èèyàn jí nínú rẹ̀ kó. Wọ́n fẹ́ fi èyí tó bá kù ṣe ògiri ẹnu ọ̀nà. Wọn ò rí bíríkì kan ṣoṣo lóde, àfi ogójì tí èmi fọwọ́ ara mi gbé jáde.

Ẹnìkan tó mọ ìtàn ààfin dáadáa ṣàlàyé pé ọba lè ta ènìyàn lọ́rẹ aṣọ, ẹṣin, ilẹ̀, àní ìyàwó pàápàá, ṣùgbọ́n ọba kì í fi adé ta ni lọ́rẹ. Bíríkì tó bá ti ní adé lára, ti ààfin ni. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, èmi pẹ̀lú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kí inú bí mi jù. Mo kọ èsì gígùn, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, àṣìkọ kún inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ níwèé rí ní kí n rọra, màmá. Mo jáde kúrò lórí Wásáàpù náà pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà mí padà, torí ìyà wo ló tó kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹni kí èèyàn má lè gbọ́.

Màámi kò ní Wásáàpù. Fóònù tó ń lò, ìpè nìkan ló wà fún. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ohun tó bá burú jù. Ọ̀kan nínú wọn fi kún un pé kí ó má ronú, pé olè àtijọ́ kì í ṣe olè tòní.

Láti ọjọ́ náà ni màámi ti yí padà. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá mọ́. Kò wọ ilé ìdáná náà mọ́, ó gbé sítóòfù kẹrosíìnì sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń se ọbẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá pè é, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé àwọn ará ilé kejì ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ń bọ̀ wá bá mi gbé ní Adó. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe bà mí lẹ́rù tó. Màámi yìí kì í sun ju oorun méjì lọ nílé mi. Á ní omi Adó ń yún òun lára, á ní ariwo Adébáyọ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́ àdúrà ara òun. Inú ilé yẹn ló ti bí gbogbo wa, ó ti gbé ibẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí òun kú síbẹ̀. Báyìí ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Èmi ni mo sì lé e jáde, pẹ̀lú fọ́tò kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìwé ààfin dé, adé ẹlẹ́yẹ lókè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní olóyè kan yóò wá lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú akọ̀wé ìgbìmọ̀, wọn yóò yọ bíríkì náà, wọn yóò kó wọn padà sí ààfin, kò ní sí ìtanràn, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè é ní olè jíjà. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn mí jù. Ẹni tí kò jalè, ta ní ń ṣèlérí fún un pé a ò ní pè é lólè?

Màámi ní kí wọ́n wá kíá. Ó ní kí wọ́n kó o lọ, kí ojú òun kúrò lára rẹ̀. Èmi ní wọn ò ní kó o, mo fẹ́ gba lọ́yà. Ó ní ṣé lọ́yà ló máa pa ẹnu àwọn èèyàn dé ni. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo ní bíríkìlà tèmi ni yóò yọ ọ́. Tí àwọn òṣìṣẹ́ ààfin bá fi ìbínú gbá a, wọn á wó ilé ìdáná lé ara wọn lórí.

Bíríkìlà náà ló kọ́ ilé mi. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Adó ló ń gbé, Mùsùlùmí ni, Alàájì ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà. Ó ní tí a bá ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá Ọlọ́run yóò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lẹ́nu iṣẹ́. Mo ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ, kò sọ nǹkan kan ju pé ohun tí wọ́n bá fi amọ̀ lẹ̀, omi ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òòlù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni olóyè dé. Àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló fọwọ́ sí ìwé tí ààfin kọ sí wa. Akọ̀wé tó bá a wá jẹ́ ọmọ yunifásítì, ó mú ìwé àti bírò, ó sì ya ilé ìdáná ní fọ́tò láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé omi fún olóyè, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Mo gbé obì wá, ó ní òun ti jẹun. Mo mọ ohun tó ń sọ fún mi. Mo gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Màámi wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Àgbà olóyè wọ ilé, ìyàwó ilé ò jáde wá kúnlẹ̀ kí i. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílé wa.

Alàájì bu omi, ó ń wọ́n ọn sí àárín àwọn bíríkì díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí amọ̀ àtijọ́ náà rọ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan tọ́ etí bíríkì àkọ́kọ́ láti òkè. Kò yá. Akọ̀wé ń wo aago. Mo dúró tì wọ́n, mo ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mo ti há ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún olóyè sórí fún ìgbà tó bá ń kó wọn lọ, ọ̀rọ̀ tó le gan-an ni, mo dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́.

Bíríkì àkọ́kọ́ jáde lódindi. Alàájì fi àtẹ́lẹwọ́ nu amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró. Ó tún un nù. Ó yí i sí iwájú, ó yí i sí ẹ̀yìn, ó wá na bíríkì náà sí mi.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ojú méjèèjì ló ládé."

Òótọ́ ni. Ojú tí a ti ń wò láti kékeré ládé, ojú tó kọ sí ògiri náà ládé, ìyẹn sì mọ́ tónítóní torí èéfín ò débẹ̀ rí, èèyàn lè ka ìyẹ́ ẹyẹ náà. Mo rò pé àṣìṣe kan ni. Alàájì yọ ìkejì, adé méjì. Ó yọ ìkẹta, adé méjì. Olóyè ní kí a gbé ọ̀kan wá. Ó yọ awò rẹ̀ lápò, ó gbé bíríkì náà lé orúnkún, ó ń yí i bí ẹni tó ń yan iṣu. Ó wá tẹrí ba, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé nǹkan ti ṣe bàbá yìí, mo sáré kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ùyàwó tó dé ọba ládé lẹ́ẹ̀mejì! Ulé yìí ló wà!"

Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ nínú wa. Ó ní kí n gbé omi tí òun ní kí n gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá, ó mu ún tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń pọn omi sí amọ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ bíríkì ààfin. Tí wọ́n bá yọ bíríkì tán, wọ́n á tò ó sóòrùn, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ adé sójú tó wà lókè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ojú náà bá ti ń gbẹ, wọ́n á dà á délẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ kejì lè pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Adé ti wà lábẹ́ nìyẹn, ojú tó wà lókè á sì ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ bíríkì gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ti lọ gé igi tí wọ́n máa fi sun bíríkì. Ìyàwó wo ilẹ̀, ó rí bíríkì lọ súà tí kò sí adé lójú wọn. Àyà rẹ̀ já. Ó rò pé ọkọ òun ti gbàgbé, ọba á sì bínú. Ó gbé òǹtẹ̀, ó wá omi díẹ̀ fi rẹ ojú bíríkì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kí ọkọ tó dé, ó ti tẹ ogójì, ó sì ń retí kí wọ́n yin òun.

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló dàrú. Ọba kè é pé méjì láàfin, olóyè ló sọ ọ́ báyẹn, pẹ̀lú ohùn ìlú wa, ó sì gbé ìka méjì sókè. Òwe ni fún àwa, ṣùgbọ́n fún àwọn tó ń kọ́ ààfin, èèwọ̀ ni. Bíríkì tó ru adé méjì ò gbọdọ̀ wọ ògiri ọba. Wọn ò sì lè fọ́ ọ, ta ni yóò gbé òòlù lé adé ọba tó wà láàyè? Wọn ò lè dà á nù sínú ẹrẹ̀. Ni wọ́n bá lọ rojọ́ fún ọba. Ọba jáde wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó dé òun ládé lẹ́ẹ̀mejì ni kó gbé òun lọ sílé. Ó ní kí wọ́n sun wọ́n pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ìyàwó náà kó wọn lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ojú adé kan sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọba méjì nínú ilé kan.

Olóyè ní gbogbo ayé òun ni ìyá òun fi ń fi ọ̀rọ̀ náà bá àwọn wí nílé. Ọmọ tó bá ń ṣe ojúmìító, tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọn ò bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kó má di ìyàwó tó dé ọba ládé lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ti fi bá àwọn ọmọ òun wí, ó ti fi bá ìyàwó òun wí, wọ́n sì ti fi bá òun náà wí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò sọ ilé tí obìnrin náà wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò fẹ́ kí ojú tì í.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná níbẹ̀. Ìyá àgbà mi, ìyá bàbá mi, ni ìyàwó náà. Mo mọ obìnrin náà, ó dàgbà kó tó kú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe iṣẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí òun náà bá sì fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, á béèrè nígbà mẹ́ta pé ṣé o ò tíì ṣe é tẹ́lẹ̀. A máa ń sín in jẹ, a rò pé ọjọ́ ogbó ni. Òun ló sì sọ fún bàbá mi pé ọba fi bíríkì ta ọkọ òun lọ́rẹ. Kò purọ́ rárá, ó kàn fo ibi tí wọ́n ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo inú ara yín.

Ara mi tù mí lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé. Bí ẹni tó ti ń ru ẹrù láti Àjíǹde tí ẹnìkan wá sọ̀ ọ́ fún. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Alàájì ń wí pé "Alhamdulillahi" lẹ́yìn mi, ó sì ń yọ ìkẹrin lọ, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Akọ̀wé nìkan ni kò dùn mọ́. Ó béèrè bóyá a ò lè kó wọn lọ náà, ká kọ ojú adé kejì sí ògiri ẹnu ọ̀nà ààfin, ta ni yóò mọ̀. Olóyè ní ọba yóò mọ̀. Ó ní kí ó wọ́gi lé orúkọ ilé wa nínú ìwé rẹ̀, kí ó wọ́gi lé e dáadáa.

Ó wá dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá màámi, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí ìyàwó àwọn jáde wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí i. Olóyè sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín níbi tó ti rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ mú férémù ilẹ̀kùn, ó ní kí ó tún un sọ. Olóyè tún un sọ. Ó ní ti òun ni àṣìṣe, òun ló fọwọ́ sí ìwé kí òun tó fojú rí, kí màámi má bínú. Lẹ́yìn ìyẹn ló béèrè bóyá iyán wà nínú ilé yìí. A wá iyán. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì mú obì tó kọ̀ láàárọ̀ sápò.

Alàájì po amọ̀ tuntun, ó dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti yọ padà sáyè wọn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sanwó, òun ti gba owó òun nínú ẹ̀rín. Mo fi iṣu dí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un.

Olóyè fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ìlú lọ́jọ́ kejì, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ará Àbújá ní òun ti mọ̀ pé ìtàn kan á wà nídìí rẹ̀. Mo kọ èsì gígùn sí i, mo sì fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kó màámi lọ sí ìpàdé wọn, wọ́n ń bi í léèrè lójú ọ̀nà bóyá òun náà ò ní fi ọba kan jẹ fún àwọn. Ó ti tú báàgì rẹ̀. Ó ti padà sídìí ààrò rẹ̀, ewúrẹ́ ń bá a du èèpo iṣu. Sítóòfù kẹrosíìnì ti wà nílé mi ní Adó, mo ní kí ó má tún rí i lójú.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ. Màámi ní kí n wá mú òun lọ́wọ́. Ó mú mi yípo ilé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n sin bàbá àgbà àti ìyá àgbà sí, sìmẹ́ńtì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo rò pé ó fẹ́ fi ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ni, mo ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ó kọjá lára ibojì ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Aba, ẹ mọ́ bínú. Mo pè ín lólè ní unú mi."

Mo ní, "Màámi, ẹ ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀." Ó ní òun pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti gbà á gbọ́, òun ò bi ẹnikẹ́ni, òun ò gbèjà rẹ̀, ọkùnrin tó gba òun tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí òun dé ilé náà. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun ò fi lè gbé inú ilé mọ́. Kì í ṣe ẹnu àwọn èèyàn.

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ùwọ ńkọ́?"

Èmi tí mo bá gbogbo ìlú jà. Èmi tí mo jáde, tí mo tún padà, tí mo fẹ́ gba lọ́yà. Mo wo sìmẹ́ńtì náà. Mo sọ fún un pé nígbà tí ẹnìkan ṣàlàyé lórí Wásáàpù pé ọba kì í fi adé ta ni lọ́rẹ, èmi náà ti gbà nínú mi pé wọ́n jí i ni, ariwo tí mo ń pa látìgbà náà, kí n má baà gbọ́ ara mi ni.

Màámi ò bá mi wí. Ó sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè gbà mí. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì bẹ bàbá àgbà.